Ìkòkò Àlìkámà Nínú Ihò Kòsóòrùn

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tu itọ́, kó tu ú nísinsìnyí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, kó nà án. Nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́bùnmi ọmọ Ọdẹ́lékè, èmi tí ẹfọ̀n rí tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Mo ti pa ẹkùn. Mo ti pa ìmàdò tí eyín rẹ̀ gùn ju apá ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ẹran ni mo fẹ́ sọ lónìí, ìtàn ọtí ni. Ẹ wò ó, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín! Ẹ rò pé bí ọdẹ bá dàgbà tán, ọtí nìkan ló kù tó lè dọdẹ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Nínú gbogbo ìrìn tí mo rìn nínú igbó, kò sí èyí tí ọkàn mi ṣì ń fò sókè bí mo bá rántí rẹ̀ bí eléyìí. Ibọn mi kò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìkòkò kékeré kan ni mo rù, ahọ́n mi ni mo sì fi jagun.

Àwọn àgbà inú yín mọ ọ̀gá mi, Ọdẹ́tóyìnbó. Òun ló kọ́ mi bí a ti í mọ ẹsẹ̀ ẹtu lórí ilẹ̀ líle, òun ló gbá mi létí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ta ibọn sí ibi tí n kò rí. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún tí mo ń wí yìí ni àìsàn gbé e dè. Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ lọ, nítorí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Wúrà, ti lọ gbé omi gbígbóná wá. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Ọdẹ́bùnmi, ọtí ìpà mi, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi sè é. Àlìkámà ni kí o fi sè é, bí èyí tí mo mu ní òkè Odò Ọya nígbà èwe mi. Jẹ́ kí ọtí kan…” Ibẹ̀ ni ikọ́ ti gbà á, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń parí gbólóhùn náà fún un nínú ọkàn mi: jẹ́ kí ọtí kan wà, jẹ́ kí ọtí kan dùn ju gbogbo ọtí lọ. Mo sunkún, mo búra lórí ibọn mi pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ n la èyí yé yín. Bí ọdẹ bá kú, a kì í kàn sin ín ká wá jókòó. A gbọ́dọ̀ ṣípà rẹ̀. A ó kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ lọ sí oríta igbó, a ó sun ìjálá, a ó da ọtí sílẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti tú òun sílẹ̀ kí òun máa lọ. Bí a kò bá ṣe é, tàbí tí a kò ṣe é dáadáa, kò ní í lọ. Ọ̀gá mi kò tíì lọ, ajá rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀. Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti lọ dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọ̀gá mi, kò gbó, kò jẹ ju kí ó má bàa kú, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí ajá yẹn yóò mọ̀ pé olówó rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá.

Gárúbà tó máa ń ta àlùbọ́sà ló bá mi mú àlìkámà wá láti òkè Ọya, kóńgò mẹ́fà. Ìyá Wúrà ni mo lọ bá pé kí ó kọ́ mi ní ọtí sísè, nítorí kò sí ẹni tó lè sè ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ jù ú lọ ní gbogbo agbègbè wa. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́bùnmi, ìkòkò kì í ṣe ẹran o. O kò lè lúgọ dè é kí o yìn ín níbọn.” Mo ní, “Ẹ ṣáà kọ́ mi, Ìyá. Ọtí tí mo máa sè yìí, yóò dùn ju oyin lọ.” Ó ní, “Ṣé bí ọkọ mi ti wí nìyẹn?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdáhùn mi yìí pa mọ́ sí ibì kan nínú ọkàn yín, a ó padà wá bá a.

Ó kọ́ mi. Mo rẹ àlìkámà sómi, mo dà á sórí ewé, mo bò ó títí ó fi hù, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sè é, mo sẹ́ ẹ. Kóńgò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ìkòkò àmù tó tó ènìyàn jókòó sí! Ẹ mọ̀ mí, n kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n oṣù Ẹrẹ́nà ni, oòrùn ń yan orí ènìyàn bí ẹni yan iṣu, òrùlé páànù ilé mi sì ń ké fún ooru. Ní ọjọ́ kẹta mo ṣí ìkòkò, òórùn rẹ̀ gbá mi lójú. Ó ti kan. Ìtìjú mú mi, nítorí mo ti fi ẹnu yangàn káàkiri ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo dà á nù. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu kàn án. Mo lọ bá Ìyá Wúrà, mo ní ìkòkò náà fọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì bi mí bóyá lóòótọ́ ni. Ó ní, “Kóńgò kan ló kù? Ó tó. Inú ìkòkò kékeré ni kí o sè é sí. Nínú ooru bí èyí, ìkòkò ńlá a máa fi ara rẹ̀ ṣe iná, ṣùgbọ́n kékeré tètè ń tutù, ó sì ṣeé gbé sá.” Ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀ fún mi nínú igbá, ó ní èyí ni yóò jí ọtí náà. Ó ní, “Wá ibi tútù, Ọdẹ́bùnmi. Bí o kò bá rí ibi tútù, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.” Ìpà ku ọjọ́ mọ́kànlá. Níbo ni ibi tútù wà lórí ilẹ̀ ayé nínú oṣù Ẹrẹ́nà? Bí mo ti ń rò ó ni mo rántí pé ọ̀gá mi ti na ọwọ́ sí ibì kan rí nínú Igbó Àìwẹ̀yìn, ó ní ihò àpáta kan ń bẹ níbẹ̀ tí à ń pè ní Kòsóòrùn, pé bí ọdẹ bá wọ ibẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, yóò wá aṣọ bora. Ó tún ní ihò náà ní olúwa rẹ̀, kí n má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò láéláé. Ó ti kú, ta ló máa gbá mi létí?

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi mú àlìkámà kóńgò kan yẹn dé ibi tí ó yẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, mo fi ewé kókò dé e, mo ru ìkòkò náà sórí òṣùká, mo fi aṣọ tútù wé e, mo kọrí sí Igbó Àìwẹ̀yìn. Èèwọ̀ igbó náà ni pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn. Ìyẹn kò dà mí láàmú, nítorí ta ló ru ìkòkò ọtí tó lè yí ọrùn? Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí mo fi gbọ́ tí ìkòkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí mi, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́. Òórùn kan sì ń jáde láti inú rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, tí kò sí ẹnì kankan tó fi sínú rẹ̀! Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá fún ìkòkò.

Ìjálá yẹn ló kó bá mi. “Ta ló jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi?” Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan ké láti inú igbó, ẹ̀dá kan sì dúró sí àárín ọ̀nà. Ó ga tó ọ̀pẹ, kò ní ojú tó tó nǹkan, ṣùgbọ́n imú mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Ó ní, “Onímúmẹ́ta ni mí. Èyí òkè ń gbóòórùn àná, èyí àárín ń gbóòórùn òní, èyí ìsàlẹ̀ ń gbóòórùn ọ̀la. Èmi ni mo ni gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú igbó yìí. Gbé e jáde!” Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ṣí i fún un. Ó wò, ó wò, kò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gbóòórùn rẹ̀ tí n kò rí, ó ti wà nínú ikùn rẹ nìyẹn. Màá la ikùn náà.”

Mo ní, “Imú ara rẹ ni kí o bi. Kí ni imú àná wí?” Ó fà á símú. Ó ní, “Àlìkámà, iná igi, ọwọ́ obìnrin àgbà tó ń sè ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀.” Mo ní, “Imú òní ńkọ́?” Ó ní, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀!” Mo ní, “Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́ nìyẹn. Kí imú ọ̀la ṣe adájọ́.” Ó tẹ imú ìsàlẹ̀ sí ẹnu ìkòkò, ó fà á pẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, “Mo gbóòórùn ẹ̀tù ibọn, ọ̀pọ̀ ọdẹ, ajá kan. Mo sì gbóòórùn ohun kíkan.” Inú mi bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun kíkan! Ṣé èyí náà yóò kan ni? Ṣé lásán ni mo rìn dé ibi yìí? Ṣùgbọ́n Onímúmẹ́ta kò fún mi láyè ìbànújẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí imú òun kò ti fohùn ṣọ̀kan, òun yóò kúkú gbé èmi àti ìkòkò mì pọ̀ kí ẹjọ́ lè parí.

Mo ní, “Ó dára, ṣùgbọ́n imú rẹ dí ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Jẹ́ n fún ọ ní oògùn rẹ̀.” Mo na ọwọ́ sí àpò aṣáà mi. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu! N kò tíì ṣí àpò, imú ọ̀la ti sín! Ó ti gbóòórùn ohun tó ń bọ̀. Kí Onímúmẹ́ta tó mọ ìdí rẹ̀, mo ti fọ́n aṣáà sí imú òní, òun náà sín, ó sì ta ẹ̀dá náà lulẹ̀. Mo gbé ìkòkò, mo sáré. Mo ti rìn jìnnà kí n tó gbọ́ sísín kẹta láti imú àná, torí pé ìgbà tí aṣáà di ohun àná ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi mí bí ó ti ń ṣe títí di òní. Èmi kò wẹ̀yìn.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí mo dé Kòsóòrùn. Òtútù jáde láti ẹnu ihò náà wá kí mi, irun ara mi sì dìde. Mo wọlé. Ẹ̀dá kan jókòó sórí òkúta nínú ihò, ó rí rogodo, ewédò ni irùngbọ̀n rẹ̀, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, tó, tó, tó. Akàn kan ń gbé inú etí rẹ̀ ọ̀tún, òmíràn ń gbé inú ti òsì. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí, mo ní, “Ẹ kú ilé o, Baba.” Ó ní, “Ọlọ́rinrin ni mí. Ẹni tó bá gbé ooru wọ ilé mi, mo máa ń fi omi pa á ni. Àfi tó bá dá mi lóhùn. Kí ló ń hó tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀?” Mo ní, “Baba, ọtí ni. Ẹ gbọ́ ọ lórí mi.” Akàn ọ̀tún yọ orí, ó ní, “Ó mọ̀ ọ́n.” Ọlọ́rinrin ní, “Kí ni a rì sínú omi tí kò kú, tí a bò mọ́lẹ̀ tí kò kú, tó jẹ́ pé ìgbà tó kú nínú iná ló wá di alààyè?” Mo ní, “Baba, òun náà ni. Ọmọ àlìkámà ni.” Akàn òsì ní, “Ẹni yìí ti jìyà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.”

Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un, pé ọ̀gá mi ni mo ń sè é fún, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ìkòkò sùn nínú òtútù rẹ̀. Ó rò ó títí. Ó ní, “Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ àdéhùn mi: nínú ìkòkò yìí, ọtí kan, tèmi ni.” Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ife ọtí kan péré? Ẹni tó ní òun fẹ́ ife kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ṣé òun ni wọ́n ní kí n bẹ̀rù? Mo ní, “Mo gbà, Baba.” Àwọn akàn ní, “A gbọ́.”

N kò ní í fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn da yín láàmú. Mo sùn, mo jí, mo gbé etí lé ìkòkò, ó ń wí fẹ́ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe tí kò yẹ. Ní ọjọ́ kejì, ara mi kò gbà á mọ́, mo bu díẹ̀ nínú ọtí náà sínú àkèrègbè ìbàdí mi, mo ní màá jáde lọ tọ́ ọ wò níta níbi tí Ọlọ́rinrin kò ti ní í rí mi. Bí mo ti fi í kọ́ ẹ̀ka igi lẹ́nu ihò ni mo rí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Ẹ sọ fún mi, ọdẹ wo ló rí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín tí yóò tún rántí àkèrègbè? Inú oòrùn ló wà títí di ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí mo tọ́ ọ wò, ojú mi méjèèjì fẹ́ wọnú ara wọn. Ó ti kan! Ọ̀rọ̀ imú ọ̀la sọ sí mi lọ́kàn, mo so àkèrègbè náà padà mọ́ ìbàdí, mo sáré wọlé lọ bu ti inú ìkòkò. Mo fi kan ahọ́n. Ó dùn! Ó tutù, ó ń ta lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gba ihò imú mi jáde. Mo jó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi àgbàlagbà jó nínú ihò àpáta láìsí ìlù, mo sì ń pe orúkọ ọ̀gá mi.

Mo gbé ìkòkò, ó ku kí n jáde. Ọlọ́rinrin ní, “Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.” Mo ní, “Òótọ́ ni, Baba, ẹ jọ̀ọ́, ayọ̀ ló jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹ mú ife yín wá.” Ó ní, “Ta ló dárúkọ ife? Ìkòkò mélòó lo gbé wá?” Mo ní, “Ọ̀kan.” “Ọtí mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ṣé ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ti ògùrọ̀ ló wà níbẹ̀ pọ̀?” Mo ní, “Rárá o, ọtí kan ni.” Ó na ọwọ́. Ó ní, “Ọtí kan, tèmi ni. Ẹ̀yin akàn, ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ́?” Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.” Omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè ní ẹnu ihò. Ó dé orúnkún mi, ó dé ìbàdí mi, ó tutù bí ikú. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ẹ̀mí mi. Tanímọ̀la ni mo ń rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, tó ń wo ìlẹ̀kùn. Bí ọtí yìí bá bọ́, kò sí àlìkámà mọ́, kò sí ọjọ́ mọ́, ọ̀gá mi yóò wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà títí láé.

Omi dé àyà mi. Àkèrègbè ìbàdí mi léfòó, ó ń lù mí níkùn, pó, pó, bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn. Mo wò ó. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi! Mo ní, “Baba, mo ti gbà pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ẹ má bàa sọ pé mo fún yín ní ohun tí kì í ṣe tiyín.” Ó ti ìka bọ inú ìkòkò, ó lá a. Mo ní, “Ó rí báwo?” Ó ní, “Ó dùn.” Mo ní, “Ṣé ó kan?” Ó ní, “Rárá, kò kan.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí akàn gbọ́.” Ó pariwo, “Mo ní kò kan!” Mo ní, “Ẹ̀yin akàn, ẹ ṣe ẹlẹ́rìí mi. Ọtí kan, tiyín ni. Èyí tí kò kan, tèmi ni. Baba fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ti inú ìkòkò kò kan. Èyí tó kan rèé nínú àkèrègbè, inú ìkòkò yìí náà ló sì ti jáde!”

Lẹ́yìn náà ni akàn ọ̀tún bú sẹ́rìn-ín, ti òsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jábọ́ láti inú etí Ọlọ́rinrin sínú omi. Òun fúnra rẹ̀ gba àkèrègbè, ó gbé e mu. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ká kò, ewédò irùngbọ̀n rẹ̀ dìde dúró, ó wá rẹ́rìn-ín tó mi àpáta. Omi fà. Ó fi ewédò tútù wé ìkòkò mi kí oòrùn má bàa rí i mú lọ́nà, ó sì dá àkèrègbè padà fún mi. Ó ní, “Ó ku ẹnu kan nínú rẹ̀. N kì í mu ìpín ẹlòmíràn.” Mo ní, “Ìpín ta ni, Baba?” Ó mú akàn rẹ̀ kan, ó ń dá a padà sínú etí. Ó ní, “Ní tèmi, akàn ló dí etí mi. Kí ló dí tìrẹ?” N kò lóye ọ̀rọ̀ náà. Mo ń yọ̀ jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpà, gbogbo ọdẹ pé sí oríta. A kó ibọn ọ̀gá mi jọ, a kó àpò rẹ̀, a kó fìlà rẹ̀. Ìyá Wúrà fi okùn fa Tanímọ̀la wá, ajá náà dùbúlẹ̀ ti fìlà. Wọ́n sun ìjálá. Mo da ọtí àlìkámà sílẹ̀, mo pe orúkọ ọ̀gá mi. Àwọn ọdẹ mu tiwọn, ariwo sọ, wọ́n ní irú ọtí yìí kò dé ẹnu àwọn rí, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọ̀gẹ̀dẹ̀!” Wọ́n gbé mi sókè. Láti òkè yẹn ni mo ti wo Tanímọ̀la. Kò mira. Ó gbé imú sí ilẹ̀ tó tutù, ó gbé e kúrò, ó tún dùbúlẹ̀.

Ìyá Wúrà mu tirẹ̀ tán. Ó ní, “Ó dùn, Ọdẹ́bùnmi. O ṣeun.” Ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, kí ló dé?” Ó ní, “Kò sí. Ó kàn yà mí lẹ́nu ni. Ọkọ mi kì í mu ọtí dídùn. Ogójì ọdún ni mo fi sè é fún un, àfi kó pa á tì sí ìdí ògiri títí yóò fi kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mu ti àlìkámà lókè Ọya. Mo rò pé bóyá nígbà tó ń lọ, ó yí ọkàn padà. Ìwọ lo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Kí ló wí gan-an?”

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Mo ní, “Ó ní, àlìkámà ni kí n fi sè é. Ó ní, jẹ́ kí ọtí kan…” Ẹnu mi dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo tún un wí fúnra mi. Jẹ́ kí ọtí kan! Kò sí ohun tó kù nínú gbólóhùn náà. Ọ̀gá mi ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ikọ́ tó dé. Èmi ni mo jókòó tì í tí mo ń wá ìrù fún ẹran tó ti ní ìrù. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo fi mú iwin nínú ihò, òun ló ti mú mi láti oṣù Ṣẹẹrẹ. Mo rántí ìkòkò àmù tí mo dà nù lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ìtìjú, kóńgò márùn-ún, gẹ́lẹ́ bí ó ti fẹ́ ẹ. Mo fi ọwọ́ lu orí ara mi.

Nígbà náà ni mo rántí ẹnu kan tó kù. Mo já àkèrègbè kúrò ní ìbàdí, mo mì ín, ó dún. Mo kúnlẹ̀ níwájú fìlà ọ̀gá mi, mo ní, “Baba, ẹ má bínú. Ẹ sọ ọ́ dáadáa, èmi ni n kò gbọ́. Tiyín rèé.” Mo dà á sílẹ̀. Òórùn kíkan gba oríta. Tanímọ̀la gbé orí. Ó wá, ó lá ilẹ̀ náà, ó sín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ó kọjú sí ọ̀nà igbó, ó gbó lẹ́ẹ̀mẹta bí ajá ti í gbó bí olówó rẹ̀ bá ń lọ sóko láìmú un dání. Ó dúró, ó ń wò títí ohun tó ń wò fi jìnnà. Lẹ́yìn náà ó yípadà, ó wá dùbúlẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Ìyá Wúrà ní, “Ó ti lọ,” a sì jọ sunkún, èmi àti òun, ẹkún tó dùn.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀ àyàfi èyí tí mo pa fún Ìyá Wúrà pé ìkòkò fọ́. Ẹ gbé ife yín wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n fún òun ní ọtí kan lónìí, kó dúró ná: màá kọ́kọ́ bi í pé èwo ló ń wí.